Ọ̀sẹ̀ Mẹ́jọ Ọmọ Ọlọ́mọ

Lọ́jọ́ Ẹtì tí iṣẹ́ rẹ̀ parí, ọmọbìnrin náà jókòó ti kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wa, ó ń tún CV rẹ̀ ṣe. Ọ̀kan nínú wa yà wọlé láti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ní, “Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ pé mo ṣe níbí?”

Kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ o. Inú kò bí i. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ẹni tó bi léèrè dúró, ó wo àwọn àga tí wọ́n tò jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó wo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò rí èsì kankan mú. Nígbà tó yá ó ní, “Kọ ọ́ pé o jẹ́ olùrànlọ́wọ́ ètò.” Ọmọ náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè rẹ̀ kò ti jẹ́ ká gbádùn, torí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko ló lò lọ́dọ̀ wa, ìjọba ló sì san gbogbo owó rẹ̀.

Calgary la wà, ní ìpínlẹ̀ Alberta, ní Kánádà. Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kékeré kan ni tiwa, irú èyí tó máa ń háyà gbọ̀ngàn fún ọdún, tó máa ń dáwó jọ bí ẹnìkan bá ṣòfò, tó sì máa ń bára rẹ̀ jà lórí WhatsApp nítorí ẹni tí kò tíì san owó ẹgbẹ́. Àwa méje la wà nínú ìgbìmọ̀. Mẹ́ta nínú wa ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àwọn yòókù jẹ́ nọ́ọ̀sì, awakọ̀, àti olùtọ́jú àwọn arúgbó. Kò sẹ́ni tó ń gba owó lórí iṣẹ́ ẹgbẹ́ nínú wa. Yàrá kan la ní, a háyà rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọ kan, a sì pè é ní ọ́fíìsì.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò gbé níbí, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí ètò náà ṣe rí. Canada Summer Jobs ni wọ́n ń pè é. Láti ọdún 2007 ló ti ń jẹ́ orúkọ yẹn, irú rẹ̀ sì ti wà ṣáájú ìgbà náà. Bí ìgbà òtútù bá ti wọlé, ìjọba àpapọ̀ á ṣí fọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ gba ọ̀dọ́ síṣẹ́ nígbà ooru tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè lè kọ̀wé, ilé iṣẹ́ ìjọba lè kọ ọ́, oníṣòwò tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju 50 lọ náà lè kọ ọ́. Ẹni tí wọ́n máa gbà gbọ́dọ̀ wà láàárín ọdún 15 sí 30. Iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀sẹ̀ 6, kò sì gbọdọ̀ ju 16 lọ. Ọ̀sẹ̀ 8 ló wọ́pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ oníṣòwò ni, ìjọba lè bá a san tó ìdajì owó ọ̀yà tó kéré jù tí òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ là sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ bíi tiwa, ó lè san gbogbo rẹ̀.

Ní Alberta, $15 ni owó ọ̀yà tó kéré jù fún wákàtí kan láti ọdún 2018. Ọmọ wa ṣe wákàtí 35 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 8. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: $4,200. Owó náà jáde látàpò ìjọba, ó gba ọwọ́ wa kọjá, ó sì wọ àpò ọmọ náà. Kọ́bọ̀ wa kankan kò sí nínú ẹ̀.

Ìyẹn gan-an ni inú wa fi dùn nígbà tí lẹ́tà dé pé wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ẹnìkan nínú wa kọ ọ́ sórí WhatsApp pé, “Ẹ bá wa yọ̀ o, a ti rí òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ gbà!” Gbogbo wa ló fi àwòrán ijó dá a lóhùn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ “ọ̀fẹ́” yẹn sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù náà kò kúkú fi wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bi wá pé kí ni ọ̀dọ́ náà yóò máa ṣe, kí ni yóò kọ́, ta ni yóò máa darí rẹ̀, báwo ni a ó ṣe máa tọ́ ọ sọ́nà. A dáhùn, a dáhùn dáadáa. Àwa tí à ń fi fọ́ọ̀mù wá iṣẹ́ láti ọjọ́ tí a ti dé ìlú yìí, ṣé fọ́ọ̀mù ló máa wá dẹ́rù bà wá? A kọ ọ́ pé yóò bá wa tún àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣe. A kọ ọ́ pé yóò máa kọ́ àwọn ọmọdé ní Yorùbá lásìkò ọlidé. A kọ ọ́ pé ẹlẹ́rọ kọ̀ǹpútà kan nínú ìgbìmọ̀ yóò jókòó tì í fún wákàtí méjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkànnì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a kọ ọ́. A gbà á gbọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́sẹ̀ kìíní, ẹlẹ́rọ náà jókòó tì í fún wákàtí kan, ó fi bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé kóòdù hàn án. Lọ́sẹ̀ kejì, ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ fẹ́ gbé nǹkan tuntun jáde, kò ráyè. Lọ́sẹ̀ kẹta, Stampede bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá tí gbogbo Calgary fi máa ń dé fìlà darandaran. Àwa náà dé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnìkan lọ ṣègbéyàwó àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹnìkan ń ṣe iṣẹ́ òru. Ọmọ náà á dé láago mẹ́wàá, á ṣílẹ̀kùn, á to àga, á pe àwọn tó jẹ owó ẹgbẹ́ (wọn kì í gbé e), á tẹ ìwé ìkéde jáde, á jókòó. Ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, ẹyọ èèyàn kan kò bá a sọ̀rọ̀ nínú yàrá yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, ó sì rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ̀kọ́ Yorùbá náà tún nìyẹn. Màmá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Yorùbá ní ọjọ́ Sátidé fún bí ọdún mẹ́fà, láìgba nǹkan kan. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n bá wa ṣe. Nígbà tí ìjọba fún wa ní ọmọ, a sọ fún Màmá pé, “Màmá, ẹ lọ sinmi díẹ̀, ìjọba ti bá wa gba ẹni tí yóò ṣe é.” Ìgbọ̀wọ̀ la rò pé a bu fún wọn. Ṣùgbọ́n Calgary ni wọ́n bí ọmọbìnrin náà sí. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ sọ ọ́, ahọ́n rẹ̀ á wúwo. Ó ṣe ohun tó lè ṣe. Àwọn ọmọ ń dínkù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án fi máa pé, ọmọ náà ti padà sí yunifásítì, Màmá sì ti rí nǹkan mìíràn fi Sátidé wọn ṣe. Kíláàsì kú. Owó tí wọ́n fi ràn wá lọ́wọ́ ló pa á, tàbí ká sọ òótọ́, ọwọ́ tí a fi gba owó náà ló pa á. Àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwa rí ọwọ́ méjèèjì, a ò lò wọ́n pọ̀. A fi ọ̀kan lé ìkejì lọ.

Nǹkan kan tún wà tí a máa fẹ́ gbójú fò. Ọmọkùnrin kan láti Abẹ́òkúta, tó wá kàwé níbí, tí Yorùbá rẹ̀ já gaara, kọ̀wé béèrè iṣẹ́ yẹn. A ò lè gbà á. Ọmọ onílẹ̀, ẹni tó ní ìwé ìgbé-ayé títí, tàbí ẹni tí wọ́n fún ní ààbò gẹ́gẹ́ bí asásálà nìkan ni òfin ètò náà gbà láàyè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkè òkun kò sí níbẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ náà bá mu kọ́ ni owó náà ń wá, ẹni tí owó náà bá mu ni iṣẹ́ ń wá. A ò dá ìjọba lẹ́bi, olúkúlùkù ló ń fi owó orí àwọn èèyàn rẹ̀ tọ́jú àwọn èèyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká ti fi ìyẹn mọ̀ pé ohun tí à ń gbà kì í ṣe òṣìṣẹ́ lásán.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní ìbéèrè kan tí wọ́n fi ń yẹ irú ètò yìí wò: ká ní owó yẹn kò sí, ṣé iṣẹ́ náà ì bá wà? Ẹ wo ẹni tó ń ta áísìkirímù létí odò Bow. Tó bá di oṣù keje, èrò á tò lọ rẹrẹẹrẹ níwájú rẹ̀, ìjọba sanwó tàbí kò sanwó. Ó nílò ọmọ mẹ́ta tí yóò máa bù ú, ó máa gba mẹ́ta náà. Bí ìjọba bá wá bá a san ìdajì owó ọ̀kan, kò dá iṣẹ́ tuntun kankan sílẹ̀. Ọlọ́jà ni wọ́n ta lọ́rẹ. Owó orí nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ wọ àpò ẹni tó ń ta áísìkirímù, ọmọ tó ń bù ú kò sì mọ ìyàtọ̀ kankan.

Tí wọ́n bá fi ìbéèrè yìí yẹ àwa wò, a máa yege. Ká ní kò sí owó ìjọba, a ò ní gba ẹnikẹ́ni, láé. Iṣẹ́ tí a fún ọmọbìnrin náà jẹ́ iṣẹ́ tuntun pọ́ńbélé, owó ìjọba ló bí i. Lórí ìwé, owó tí wọ́n ná sí wa kò ṣòfò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú u wò. Kí ló dé tí a ò fi ní gba ẹnikẹ́ni? Torí pé kò sí iṣẹ́ kan lọ́dọ̀ wa tó ká wa lára débi tí a ó fi tọwọ́ bọ àpò ara wa nítorí rẹ̀. Ọlọ́jà áísìkirímù nílò ọmọ tirẹ̀ lóòótọ́. Bí ọmọ náà kò bá wá ní àárọ̀ Sátidé, ariwo á ta. Bí tiwa kò bá wá, ta ló máa mọ̀? Nítorí náà, bó bá ti dájú tó pé owó ìjọba ló dá iṣẹ́ kan sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣeé ṣe tó pé kò sẹ́ni tó nílò iṣẹ́ ọ̀hún. Ìbéèrè tí a fi ń mọ̀ bóyá owó ìjọba kò ṣòfò kò lè sọ fún wa bóyá ìgbà ọmọ náà ṣòfò. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ibi tí ọ̀kan kò ti ṣòfò ni èkejì ti ń ṣòfò jù.

Àwa oníkọ̀ǹpútà mọ ìwà yìí dáadáa. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ wọn háyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní àǹfààní ọ̀fẹ́. Ṣẹ́ẹ mọ ohun tí à ń fi ṣe? A máa ń tan ẹ̀rọ sílẹ̀, a máa ń gbàgbé ẹ̀. Á ṣiṣẹ́ mọ́jú fún oṣù mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò lò ó. Ọjọ́ tí ọ̀fẹ́ bá tán, tí owó bá ń jáde látinú káàdì wa, ọjọ́ yẹn la máa sáré pa á. Ọ̀fẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ tí a gbàgbé sílẹ̀ kò ní sunkún lóru ṣá. Ọmọ ogún ọdún tí a gbàgbé sínú yàrá nígbà ooru ẹyọ kan ṣoṣo tó ní lọ́dún náà, tó tún jẹ́ iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe láyé rẹ̀, ohun tí òun máa rò nípa iṣẹ́ ń kọ́ra rẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe àgùnbánirọ̀ nílé mọ ohun tí à ń sọ. Láti ọdún 1973 ni ìjọba Nàìjíríà ti ń san owó oṣù àwọn ọ̀dọ́ tí ẹlòmíràn ń lò. Lọ́dún 2025 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí san 77,000 náírà dípò 33,000. Ta ni kò mọ ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé àgùnbánirọ̀ ló ń kọ́ wọn ní ìṣirò lọ́dọọdún, tí wọn ò sì gba olùkọ́ ìṣirò kankan, torí kí ni wọ́n fẹ́ gbà á fún nígbà tí ìjọba ń kó wọn wá lọ́fẹ̀ẹ́? Ta ni kò sì mọ ọ̀gá tó gba àgùnbánirọ̀ mẹ́jọ, tí kò sí àga fún márùn-ún nínú wọn? Ọ̀kan nínú wa sin ìlú ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kan. Á fọwọ́ síwèé láàárọ̀, á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, á lọ sílé láago méjì. Ó ti máa ń sọ ìtàn yẹn fún wa tipẹ́, gbogbo wa sì máa ń bú ìjọba àti ọ̀gá ọ̀hún. Òun náà ló bá wa kọ fọ́ọ̀mù. Òun náà ni ẹlẹ́rọ tí kò ráyè.

Kí ló wá yàtọ̀ láàárín iṣẹ́ ọmọbìnrin yìí àti iṣẹ́ tí àwọn baba wa mọ̀? Ẹ mú àgbàro. Àwọn tó ń lọ ro oko kòkó lásìkò ìroko, tí wọ́n ń gbowó wọn lọ sílé lẹ́yìn tí oko bá mọ́, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní nǹkan kan. Wọ́n lè rẹ́ wọn jẹ, wọ́n sì rẹ́ wọn jẹ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n koríko wà níbẹ̀. Àgbàro rí koríko láàárọ̀, ó rí i pé kò sí mọ́ nírọ̀lẹ́. Olóko á sì rìn ebè yẹn wò, torí owó tirẹ̀ ni. Ẹ tún mú ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Òbí rẹ̀ ló ń sanwó fún ọ̀gá, ọ̀gá kì í san nǹkan kan. Wọ́n á rán an lọ ra ẹ̀wà, wọ́n á ní kó gbálẹ̀, a ò ní pọ́n ọ̀gá lé. Síbẹ̀, bí ó bá ran aṣọ tí kò dáa láàárín ìlú, wọ́n á bi í pé, “Ọ̀dọ̀ ta lo ti kọ́ṣẹ́?” Orúkọ ọ̀gá wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ fírídọ̀ọ̀mù, ọ̀gá á gbé ọwọ́ lé e lórí níwájú gbogbo èèyàn.

Ọmọ tiwa ńkọ́, ọmọ iṣẹ́ ta ni? Ìjọba tó sanwó rẹ̀ kò rí i rí. Àwa tí à ń rí i kò sanwó rẹ̀. Ní ọdún 2018, ìjọba yẹn ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ owó yìí fọwọ́ sí i pé òun fara mọ́ àwọn ẹ̀tọ́ kan, títí kan ẹ̀tọ́ obìnrin lórí oyún. Ọ̀pọ̀ ìjọ kọ̀, ariwo ta káàkiri Kánádà, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ náà padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ohun tí agbanisíṣẹ́ gbà gbọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí. Ohun tí ọmọ náà ń ṣe láago méjì ọ̀sán ọjọ́rú, a ò rántí ẹnikẹ́ni tó ta ariwo lórí ìyẹn.

Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ nípàdé, ọ̀kan nínú wa, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣe hàà. Ó ní, “Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ jàre. Ọmọ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là ó lé. Ṣé ẹ mọ iye ọmọ tó wà nílé tí kò rí nǹkan kan ṣe? Ẹni tó yó ló ń bèèrè bóyá oúnjẹ dùn.” Òótọ́ ló sọ. Ní oṣù keje 2025, ìdá 14.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́dún 15 sí 24 tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wá iṣẹ́ ní Kánádà ni kò ríṣẹ́. Tí a bá yọ ìgbà kòrónà kúrò, láti ọdún 2010 kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀. Nínú ooru yẹn kan náà, ìjọba ní òun yóò fi iṣẹ́ bí 6,000 kún 70,000 tí òun ti là sílẹ̀ fún ètò yìí. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ sọ pé òun fi ìwé ránṣẹ́ síbi tó lé ní ogójì kí àwa tó pè é. Owó ilé ìwé sáà kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nínú ohun tó gbà lọ́dọ̀ wa. A ò sọ pé kí wọ́n fagi lé ètò náà. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti ríṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn mú wa sùn lé e lọ́jọ́ púpọ̀. Ohun tí a wá rí nìyí: bó bá jẹ́ pé owó nìkan ni, kí ló dé tí ìjọba fi gbé e gba ọ̀dọ̀ wa? Ìjọba ní àkántì ọmọ náà. Wọ́n lè fi $4,200 ránṣẹ́ sí i tààrà, kò ní sí fọ́ọ̀mù, kò ní sí ìwé ìròyìn òpin iṣẹ́, ọmọ náà ì bá sì jókòó sílé, kó kàwé rẹ̀, kó lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú odò. Yóò dín ìnáwó kù. Ìdí kan ṣoṣo tó wà tí wọ́n fi ní kó kọ́kọ́ fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni pé wọ́n gbà pé nǹkan kan wà lọ́wọ́ àwa tí kò sí lọ́wọ́ ìjọba, pé a ó fi nǹkan ọ̀hún kún owó náà bó bá ti ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Nǹkan ọ̀hún la kọ sínú fọ́ọ̀mù. Nǹkan ọ̀hún la ò fún un. Owó pé, kò sí dọ́là kan tó sọnù, ìwé wa mọ́. Síbẹ̀ a jalè. Wákàtí 280 ọmọ ọlọ́mọ la gbà, a ní ọ̀fẹ́ ni.

Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ fi “ọ̀fẹ́” yẹn sọ́kàn. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ gba òṣìṣẹ́ ti san nǹkan kan; bó bá fi òṣìṣẹ́ náà ṣòfò, òun náà jẹ nínú òfò. Ẹni tí wọ́n bá sanwó òṣìṣẹ́ fún, gbèsè tirẹ̀ kò lọ, ó kàn yí àwọ̀ padà ni. Àkókò rẹ̀ ló jẹ, ojú rẹ̀ ló jẹ, ìmọ̀ rẹ̀ ló jẹ. Ó sì ṣòro láti san, torí kò sẹ́ni tí yóò wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún kò jẹ́ sọ fún ọmọ ọdún márùndínlógójì pé, “Ọ́ńkù, ẹ jẹ mí ní wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.”

Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ gbọ́ gbogbo èyí, wọ́n ní ọmọ náà ló yẹ kó wá nǹkan ṣe fúnra rẹ̀. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. A mi orí, a ò jiyàn, torí a ò mọ ohun tí a máa sọ.

Oṣù kẹwàá ni èsì dé. A fẹ́ fi orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣètò ọdún, la bá ṣí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Fáìlì kan wà níbẹ̀ tí a kò mọ̀ rí. Ọmọ náà ti kó orúkọ jọ látinú ìwé pélébé mẹ́ta tí akọ̀wé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti kọ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó yọ àwọn tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì kúrò, ó wá nọ́ńbà tó ti yí padà, ó fi ọjọ́ ìbí sí i. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó kọ orúkọ àwọn ọmọdé tó ń sọ Yorùbá nílé, àwọn tó ń gbọ́ ọ ṣùgbọ́n tí wọn kì í sọ ọ́, àti àwọn òbí tó sọ fún un lórí fóònù pé àwọn lè wá bá wa kọ́ wọn. A rò pé wọn kì í gbé ìpè rẹ̀. Ó dàbí pé àwọn kan gbé e, a ò kàn bèèrè ni. Ọjọ́ tó kẹ́yìn fọwọ́ kan fáìlì náà jẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ní nǹkan bí wákàtí kan kó tó bi wá pé kí ni kí òun kọ.

Iṣẹ́ tí ẹlẹ́rọ mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ kan kò rójú ṣe láti ọdún mẹ́rin nìyẹn. A sì ní kó kọ “olùrànlọ́wọ́ ètò.”

A pè é lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, “Àh, ẹ rí i? Mo rò pé kò wúlò.” A bẹ̀ ẹ́, ojú tì í ju bó ṣe tì wá lọ. A kọ lẹ́tà fún un tó sọ ohun tó ṣe gan-an, a fi orúkọ wa àti nọ́ńbà wa sísàlẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn kò dá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ padà.

Fọ́ọ̀mù tún ti ṣí. Àwọn kan nínú wa fẹ́ ká béèrè fún ẹni méjì lọ́tẹ̀ yìí, torí ìjọba ló kúkú ń sanwó. A jà díẹ̀ lórí Zoom. Nígbẹ̀yìn, ẹnì kan la béèrè fún, kì í sì í ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́ la kọ́kọ́ dáhùn. Èyí tó bi wá pé ta ni yóò máa darí ọ̀dọ́ náà la fi bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́rọ kan ní òun lè wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ó sì ti gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ kí a tó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Fún Sátidé, a lọ bẹ Màmá nílé wọn, a ní àwọn àti ọmọ náà ni yóò jọ máa ṣe é. Wọ́n gbọ́ wa tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbà, ṣùgbọ́n ká bá àwọn sọ fún ọmọ tó ń bọ̀ pé aago mẹ́wàá tàwọn, aago mẹ́wàá ni.